Ta Ló So Òjò Oṣù Kẹjọ Rọ̀?

Ìbéèrè àti ìdáhùn pẹ̀lú Ìyá Ojú Ọjọ́

Ẹ kú ojú lọ́nà o, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí pọ̀. Mẹ́rin ni mo mú jáde, nítorí pé òkun ni ìdáhùn gbogbo wọn, bí ẹni tó kọ wọ́n tilẹ̀ jìnnà síra. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbẹ̀ ni mí nítòsí Ìwó. Mo gbin àgbàdo ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, ó hù dáadáa, òjò ń rọ̀ sí i, inú mi ń dùn. Àfi bí òjò ṣe dáwọ́ dúró lójijì ní ìparí oṣù Keje, ìgbà tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ gan-an. Ojú ọ̀run ń ṣú lójoojúmọ́, òtútù ń mú, ṣùgbọ́n kò sí òjò tó tẹ́ ilẹ̀ lọ́rùn. Ṣùkù lásán ni mo kórè. Àwọn ará abúlé wa ń sọ pé olówó kan tó ṣe òkú ìyá rẹ̀ ní ìlú kejì ló ní kí wọ́n bá òun so òjò rọ̀, pé wọn ò rántí tú u. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dìjà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni òótọ́ ibẹ̀? (Àgbẹ̀ alágbàdo, ìtòsí Ìwó)

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á fi èyí tó pọ̀ jù ú lọ rọ́pò fún yín. Ẹ bá mi bẹ àwọn ará abúlé kí wọ́n fi olókùú yẹn sílẹ̀. Nígbà tí òjò bá ti dá ní Ìwó lóṣù Kẹjọ, ó máa ń dá ní Abẹ́òkúta, ní Èkó, ní Kútọnu àti Lomé, tí Kánò sì ń gba tirẹ̀ lọ́wọ́ lọ́wọ́. Kò sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ gùn dé gbogbo ibẹ̀ nítorí ìnáwó òkú.

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín òjò wa láàárín ara wọn. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ó ru ọ̀rinrin. Èkejì ni ti ọyẹ́, tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, gbígbẹ ni. Ibi tí wọ́n ti ń pàdé kì í dúró lójú kan. Nínú oṣù Kìíní, kò jìnnà sí etíkun wa. Tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, ó ti kọjá Kánò, ó ti wọ orílẹ̀-èdè Niger lọ. Òjò ńlá máa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, níhà gúúsù rẹ̀. Ìdí nìyí tí òjò Èkó fi máa ń pọ̀ jù nínú oṣù Kẹfà, tí ti Kánò àti Maiduguri sì máa ń pọ̀ jù nínú oṣù Kẹjọ.

Ìyẹn ò tíì ṣàlàyé òtútù àti ìkùukùu tí ẹ rí. Ẹ jẹ́ ká wọnú omi lọ.

Láti oṣù Karùn-ún ni afẹ́fẹ́ tó ń ti apá gúúsù ayé bọ̀ ti máa ń le sí i lórí òkun Àtìláńtíìkì. Bó ṣe ń fẹ́, tí ayé sì ń yí, ó ń tì omi gbígbóná ojú òkun kúrò lórí ìlà agbedeméjì ayé, apá kan sí àríwá, apá kan sí gúúsù. Àyè tí omi yẹn fi sílẹ̀ kò lè ṣófo, omi tútù ló ń ti ìsàlẹ̀ gòkè wá dí i. Omi tó wà ní 28 tàbí 29°C nínú oṣù Kẹrin lè já wálẹ̀ sí 23 tàbí 24°C nínú oṣù Keje àti Kẹjọ. Omi tútù tún máa ń gòkè lẹ́bàá etíkun Côte d'Ivoire àti Gánà láti oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án. Inú àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń dùn sí i, torí pé ohun tí ẹja ń jẹ ń bá omi ìsàlẹ̀ yẹn gòkè. Ìgbà yẹn ni wọ́n ń kó ẹja sadíìnì jù.

Ẹ wá wo bí òkun àti afẹ́fẹ́ ṣe ń ti ara wọn. Afẹ́fẹ́ ló mú òkun tutù. Nígbà tí òkun tutù tán, ìyàtọ̀ tó wà láàárín òun àti ilẹ̀ Sàhárà tó ń gbóná janjan á fẹ̀ sí i, ìyàtọ̀ yẹn á sì mú kí afẹ́fẹ́ òkun túbọ̀ máa fẹ́ wọlẹ̀, kó máa gbé ọ̀rinrin gba orí wa kọjá lọ sókè Ọya. Afẹ́fẹ́ tó le sí i yẹn á tún padà mú òkun tutù sí i. Èmi kì í fẹ́ kí wọ́n bi mí pé èwo ló kọ́kọ́ ṣe èwo, torí pé àwọn méjèèjì jọ ń ṣe é ni.

Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, afẹ́fẹ́ tó bá gba orí omi tútù kọjá máa ń wúwo, kì í fẹ́ gòkè. Bẹ́ẹ̀, kí òjò alááràá tó lè rọ̀, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin gbọ́dọ̀ gòkè fíofío. Ìkùukùu oṣù Kẹjọ kì í ga. Ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀. Nígbà tí mò ń ka ohun èlò ojú ọjọ́ ní pápákọ̀ òfurufú, mi ò nílò kàlẹ́ńdà láti mọ̀ pé a ti wọ àsìkò yẹn. Ìkùukùu aláwọ̀ eérú á bo ojú ọ̀run láti àfẹ̀mọ́jú, á sún mọ́lẹ̀ débi pé àwọn awakọ̀ òfurufú á máa béèrè gíga rẹ̀ lemọ́lemọ́ kí wọ́n tó balẹ̀. Síbẹ̀, bí mo bá lọ wo agolo tí a fi ń wọn òjò, omi inú rẹ̀ ò ju èyí tó rin ìdí rẹ̀ lọ. Òjò wínníwínní, tí kì í wọ ilẹ̀ dé gbòǹgbò.

Ẹ lè fojú rí iṣẹ́ omi tútù yìí bí ẹ bá wọkọ̀ láti Bàdágìrì lọ sí Kútọnu, kí ẹ gba Lomé kọjá dé Àkrá. Igbó á máa tán, ọ̀dàn á máa dé etí òkun. Nǹkan bíi 800 mìlímítà òjò ni Àkrá ń rí lọ́dún, ti Èkó sì tó nǹkan bí ìlọ́po méjì rẹ̀. Omi tútù wà lára ohun tó fà á. Ó tún kù pé etíkun ibẹ̀ dùbúlẹ̀ lọ́nà tí afẹ́fẹ́ òkun fi ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá dípò kó wọ ilẹ̀.

Àwọn ọdún kan wà tí òkun kì í tutù tó bó ṣe yẹ. Ọdún 1984 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní irú ọdún bẹ́ẹ̀, òjò máa ń dúró sí etíkun lọ́dọ̀ wa, ọ̀dá á sì dé bá àwọn tó wà ní Sahel, ìyẹn ilẹ̀ ọ̀dàn tó wà ní gúúsù Sàhárà. Àwọn tó gbọ́njú nígbà yẹn á rántí ohun tí ojú àwọn ará Niger, Chad àti Mali rí. Bí òkun bá lè ṣe tiwa ní rere kó sì pa àwọn yẹn lẹ́kún nínú oṣù kan náà, ẹ ò rí i pé ó yẹ ká máa béèrè ìròyìn rẹ̀ bí a ṣe ń wòkè wo ojú ọ̀run?

Ní ti oko yín, Bàbá: àgbàdo máa ń yọ irùkẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 50 sí 60 lẹ́yìn tí a gbìn ín, ìgbà yẹn sì ni òùngbẹ òjò ń gbẹ ẹ́ jù. Èyí tí ẹ gbìn ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà bọ́ sí àárín ìsinmi òjò gẹ́lẹ́. Ẹ fi òjò àkọ́rọ̀ gbin ti àkọ́kọ́, ní ìparí oṣù Kẹta tàbí nínú oṣù Kẹrin, bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Èyí tó bá kù, ẹ dúró de àrọ̀kúrò ní ìparí oṣù Kẹjọ, kí ẹ sì lo irú èyí tó ń gbó láàárín nǹkan bí 90 ọjọ́. NiMet, iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ìjọba àpapọ̀, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń sọ nínú rẹ̀ bí ìsinmi oṣù Kẹjọ ṣe máa gùn tó ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú ọ̀kan lára àwọn ọmọ yín lọ bá òṣìṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ẹ tó ra irúgbìn, kó kà á fún yín, kó túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kó owó sínú ilẹ̀ ló yẹ kí ìròyìn yẹn kọ́kọ́ dé etí yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Jọ́gíráfì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Ìbàdàn. Nígbà tí rédíò ń pariwo El Niño lọ́dún 2023, ọmọ kan bi mí pé kí ló kan Nàìjíríà nínú omi tó ń gbóná ní Peru. Mo dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn mi ò tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. (Olùkọ́, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Olùkọ́ wa, ọmọ tó béèrè ìyẹn gbọ́n. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n mọ ibi tí agbára òkun ti wá. Páànù orí ilé máa ń gbóná kí oòrùn tó kàtàrí, á sì ti tutù kí a tó jẹun alẹ́ tán. Omi inú àgbá kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Bí ilẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí òkun nìyẹn. Òkun bo nǹkan bí ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún ojú ayé, àti pé omi tó wà lókè rẹ̀ pátápátá, tí kò jìn ju mítà mẹ́ta lọ, lè gba ooru tó tó ti gbogbo afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká. Níbi tí òkun bá kó ooru yẹn sí, ibẹ̀ ni òjò máa wá.

Lórí òkun Pàsífíìkì, afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ láti Gúúsù Amẹ́ríkà lọ sápá Éṣíà. Ó ń kó omi gbígbóná jọ sọ́dọ̀ àwọn ará Indonesia, débi pé omi ibẹ̀ máa ń fi nǹkan bí ààbọ̀ mítà ga ju ti Peru lọ. Lórí omi gbígbóná yẹn ni afẹ́fẹ́ ti ń gòkè, tó ń di òjò. Á wá gba òkè padà, á sọ̀ kalẹ̀ ní Peru ní gbígbẹ. Omi tútù tó kún fún ẹja ló wà lábẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Tí El Niño bá dé, afẹ́fẹ́ yẹn á rọlẹ̀. Omi gbígbóná á bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ìlà-oòrùn, òjò á tẹ̀ lé e. Omi tútù ò ní rí àyè gòkè mọ́ ní Peru, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìhà méjèèjì á dín kù, afẹ́fẹ́ á sì túbọ̀ rọ. Ẹ fi wé ohun tí mo sọ fún Bàbá alágbàdo, ọgbọ́n kan náà ni. Àwọn apẹja Peru ló sọ ọ́ ní El Niño, ìyẹn Jésù ọmọ ọwọ́ lédè wọn, torí pé àsìkò Kérésìmesì ni wọ́n sábà máa ń rí i. Lọ́dún 1970, wọ́n kó ẹja anchoveta tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 12 tọ́ọ̀nù. Lọ́dún 1973, lẹ́yìn El Niño kan, àti pé wọ́n ti ń pa ẹja náà ní àpajù, kò pé mílíọ̀nù méjì.

Ẹ sọ ìtàn Gilbert Walker fún wọn. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, òun sì ni ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ ojú ọjọ́ ní Íńdíà láti 1904 sí 1924. Ìyàn tó ń tẹ̀ lé àìrọ̀ òjò ní Íńdíà ló gbà á lọ́kàn, ó ń wá àmì tí wọ́n lè fi mọ̀ ọ́n ṣáájú. Ó rí i pé bí ìwúwo afẹ́fẹ́ bá ti ròkè ní ìhà kan Pàsífíìkì, ó máa ń lọ sílẹ̀ lápá òkun Íńdíà. Kò rí ohun tó so wọ́n pọ̀. Ọdún 1969 ni Jacob Bjerknes, ọmọ Norway tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Los Angeles, fi hàn pé òkun ló so wọ́n pọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1982 ló ń jẹ́ kí n máa gbé ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Òkè ayọnáyèéfín El Chichón bú ní Mẹ́síkò nínú oṣù Kẹta àti Kẹrin ọdún yẹn, ohun tó tú jáde gba òfurufú kan, kò sì jẹ́ kí sátẹ́láìtì rí òkun dáadáa. Wọ́n ń ka omi Pàsífíìkì sí tútù nígbà tó ń gbóná. Ọ̀kan nínú àwọn El Niño tó lágbára jù láyé ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí àwọn onímọ̀ tó gbà pé ó ti dé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n to ohun èlò aléfòó bí àádọ́rin sórí Pàsífíìkì, wọ́n parí rẹ̀ lọ́dún 1994. Nígbà tí ti 1997 ń bọ̀, wọ́n rí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló wá kàn wá? El Niño máa ń fẹ́ dín òjò kù ní Sahel, ó sì máa ń fa ọ̀dá ní àríwá-ìlà-oòrùn Brazil. Àwọn ará Ceará, ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, ò gbàgbé ọ̀dá 1877 sí 1879 tó pa ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ ènìyàn. El Niño ńlá kan ló wà nídìí ìyẹn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọwọ́ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Àtìláńtíìkì iwájú ilé wa ló ń darí wa jù. Bí ẹnikẹ́ni bá di gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn Ọ̀yọ́ lé El Niño lórí, ẹ ní kó kọ́kọ́ wo bí òkun tiwa ṣe rí lọ́dún náà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mọ́mì. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, Tampa ní Florida ni mò ń gbé. Aládùúgbò mi jẹ́ ọmọ Kúbà. Gbogbo ìgbà tí ìjì ńlá bá ń bọ̀ ló máa ń sọ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti wá. Ṣé òótọ́ ni? (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Tampa)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, òótọ́ ni, ọ̀nà rẹ̀ kàn gùn ni. Sàhárà tó gbóná ní àríwá àti òkun tó tutù ní gúúsù, àwọn náà ló ń dá afẹ́fẹ́ líle kan sílẹ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ta sí mẹ́rin lókè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó ń fẹ́ lọ síwọ̀-oòrùn. Ìgbì máa ń ru lórí afẹ́fẹ́ yẹn, ọ̀kan á kọjá láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, wọ́n sì máa ń tó nǹkan bí ọgọ́ta lọ́dún. Òjò oníjì máa ń bá wọn rìn lórí ilẹ̀ wa kí wọ́n tó bọ́ sójú òkun.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń kú síbẹ̀. Èyí tó bá bá omi tó tó 26.5°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pàdé, tí afẹ́fẹ́ òkè ò sì fà á ya, á máa fa ooru inú omi. Omi á gbẹ sínú afẹ́fẹ́, á gòkè, á di òjò. Ooru tó tú sílẹ̀ níbẹ̀ á tún fa afẹ́fẹ́ mìíràn wọlé láti ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì máa yí. Nínú ìjì Àtìláńtíìkì tó lágbára jù lọ, nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló ti inú ìgbì Áfíríkà jáde.

Ẹ wo Irma. Ìgbì tó bí i kúrò ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, 2017. Ọjọ́ 30 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Òru ọjọ́ 8 mọ́ ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án ló kọ lu àríwá Kúbà ní ẹ̀ka karùn-ún, tí kò sí èyí tó le jù ú lọ, òkun sì kún wọ àdúgbò Malecón ní Havana. Ọjọ́ 10 ló dé Florida yín. El Niño máa ń dín irú ìjì bẹ́ẹ̀ kù, torí pé ó ń mú kí afẹ́fẹ́ òkè fà á ya. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2023, Àtìláńtíìkì gbóná ju bí wọ́n ṣe ti wọ̀n ọ́n rí lọ, ìjì 20 ló sì gba orúkọ nígbà tí El Niño wà níkàlẹ̀. Ìyẹn ń bà mí lẹ́rù, mi ò ní pa á mọ́ fún yín. Tí wọ́n bá ní kí ẹ kó kúrò nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró ṣọ́ ẹrù.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàárọ̀ Mà. Mo wà ní kíláàsì SS2 ní Ìkòròdú. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye ooru òkun níbi tí ènìyàn kankan ò gbé? (Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Ìkòròdú)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi dáadáa. Sátẹ́láìtì ń wo ojú omi láti òkè. Fún inú omi, ohun èlò tí wọ́n ń pè ní Argo ló wà, wọ́n tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin káàkiri ayé. Lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, á rì lọ sísàlẹ̀ dé 2,000 mítà, á máa wọn ooru àti iyọ̀ bó ṣe ń gòkè, á sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí sátẹ́láìtì. Ipasẹ̀ irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ la fi mọ̀ pé nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ooru tí èéfín epo àti èédú ń fi kún ayé, inú òkun ló ń lọ.

Nínú Àtìláńtíìkì tiwa, Brazil, Faransé àti Amẹ́ríkà ti jọ ń tọ́jú ètò kan tó ń jẹ́ PIRATA láti 1997. Ohun èlò aléfòó ni wọ́n, wọ́n fi okùn gígùn dè wọ́n mọ́ ìsàlẹ̀ òkun, ọ̀kan sì wà lórí ìlà agbedeméjì ayé ní gúúsù Gánà, nínú omi tútù tí mo ń sọ láti òkè wá. Tó bá wù ọ́ láti ṣe irú iṣẹ́ yìí, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, NIOMR, wà ní Victoria Island. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé iṣẹ́ ọkùnrin ni. Fi ojú sí físíìsì àti ìṣirò.

Bí o bá sì ní ẹbí tó ń ṣe iṣẹ́ ẹja lójú agbami, bá mi jíṣẹ́ fún un. Ẹja máa ń kó jọ sábẹ́ àwọn ohun èlò yẹn, ìdí nìyẹn tí àwọn ọkọ̀ fi máa ń so mọ́ wọn. Kó má so ọkọ̀ rẹ̀ mọ́ ọn, kó má sì tú nǹkan kan lára rẹ̀. Bí okùn rẹ̀ bá já, ìròyìn ibẹ̀ á dákẹ́ fún àwọn tó ń ṣírò òjò wa, ó sì lè tó ọdún kan kí ọkọ̀ tó ń tún wọn ṣe tó tún gba ibẹ̀ kọjá.